Ààlà 1967: ilẹ̀ wo gan-an ni wọ́n ń sọ, báwo sì ni wọ́n ṣe ń ṣírò ìdá 86, 91 àti 94 yẹn?

Àyìnlá Tákìé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ àpérò wa ní Tákìé níbí, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, fẹ́ jíròrò lórí ààlà Ísírẹ́lì àti Palẹsítínì lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó di pé àwọn Onítẹ̀bọmi jókòó sápá kan, àwọn ará mọ́ṣáláṣí jókòó sápá kejì, kí kálukú máa pariwo lé ẹnì kejì rẹ̀ lórí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ lè nawọ́ sí ibi tó ń sọ lórí máàpù.

Ibi tó ti ń dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí. Ẹnì kan á ní ààlà 1967, ẹlòmíràn á ní ti 1949 ni, ẹnì kẹta á ní láti Dani títí dé Beerṣeba ni Ọlọ́run wí. Bí wọ́n bá tún dé orí ìpàdé Camp David ọdún 2000, àwọn kan á ní Barak, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, fún Arafat, aṣáájú àwọn ará Palẹsítínì, ní ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún West Bank, ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì tí Ísírẹ́lì fi ogun gbà ní 1967, Arafat sì kọ̀. Àwọn kan á ní irọ́ ni, ìdá 86 ni. Ìpàdé kan náà, ọdún kan náà. Ta ló ń purọ́ nínú wọn? Kí sì ni pàṣípààrọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ yìí gan-an, ilẹ̀ wo ni wọ́n á mú, èwo ni wọ́n á fi dípò?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ ẹni tó jàre fún mi. Bí nǹkan ṣe rí ni kí ẹ sọ.

Awọnlẹ̀ Arówómọlẹ̀

Àyìnlá, o kú iṣẹ́. Jẹ́ ká ti ara ìlà náà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ààlà 1967 àti ìlà 1949, ọ̀kan náà ni. Ìlà tí wọ́n fà nígbà tí wọ́n dá ogun Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Árábù dúró ní 1949 ni, òun ló sì wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1967, tí ogun ọlọ́jọ́ mẹ́fà fi bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí ìwé àdéhùn fi máa ń kọ "ìlà ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà". Ísírẹ́lì bá Íjíbítì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì 1949, ó bá Lẹ́bánónì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta, Jọ́dánì ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, Síríà ní oṣù Keje. Nínú ìwé ti Íjíbítì, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ìlà yìí kì í ṣe ààlà ìṣèlú tàbí ààlà ilẹ̀ lọ́nàkọnà. Àwọn ìjọba Árábù ló takú pé kí gbólóhùn yẹn wọlé nígbà náà, torí wọn ò fẹ́ kó dà bíi pé àwọn ti gba Ísírẹ́lì ní orílẹ̀-èdè. Lónìí, Ísírẹ́lì ló máa ń ka gbólóhùn kan náà sí àwọn Árábù létí pé ìlà yẹn kì í ṣe ààlà. Kí gbogbo ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé mọ èyí kó tó dìde.

Wọ́n ń pè é ní Ìlà Aláwọ̀ Ewé, pẹ́ńsù ló sì fún un lórúkọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1948, Moshe Dayan tó dúró fún Ísírẹ́lì àti Abdullah al-Tall tó dúró fún Jọ́dánì tẹ́ máàpù Jẹrúsálẹ́mù sílẹ̀. Dayan fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé fa ibi tí ọmọ ogun tirẹ̀ dé, al-Tall fi pupa fa tirẹ̀. Òṣùwọ̀n máàpù náà jẹ́ 1 sí 20,000, ìyẹn ni pé mìlímítà kan lórí bébà jẹ́ mítà 20 nílẹ̀. Pẹ́ńsù ọwọ́ wọn ò mú: ìlà tó fà fẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 4. Ẹ ṣírò ó, mítà 60 sí 80 nìyẹn. Púlọ́ọ̀tì wa níbí, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ojú rẹ̀ jẹ́ mítà 15 àti díẹ̀. Bí ẹ bá to púlọ́ọ̀tì mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, inú fífẹ̀ pẹ́ńsù yẹn nìkan ni wọ́n bọ́ sí. Ilé wà níbẹ̀, ojú títì wà níbẹ̀. Ta ló ni ilé tó wà lábẹ́ ìlà? Ìbéèrè tí wọ́n jà sí fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Níbi tí ìlà ewé àti ìlà pupa ò ti pàdé, ilẹ̀ tí kò lólúwa wà láàárín. Èyí tó tóbi jù nínú wọn wà ní Latrun, lójú ọ̀nà Tel Aviv sí Jẹrúsálẹ́mù, ó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 50. Ẹ fi Latrun yìí sọ́kàn, yóò tún padà wá nínú ìṣirò.

Ìlà náà ò sì ro ti oko mọ́ ọn. Ní Qalqilya, ilé àwọn èèyàn bọ́ sí ìhà Jọ́dánì, ọ̀pọ̀ oko wọn bọ́ sí Ísírẹ́lì. Abúlé Beit Safafa pín sí méjì nítorí pé ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Ísírẹ́lì. Barta'a náà pín sí méjì. Ẹni tó bá mọ bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń gbé inú ìlú tí oko rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọ ogun bá dúró sáàárín ilé àti oko.

Ní ti Dani àti Beerṣeba, inú ìlà 1949 ni méjèèjì wà, ẹnikẹ́ni ò sì bá Ísírẹ́lì du wọn nídìí tábìlì ìjíròrò. Ibi tí Bíbélì fi ń gbóná nínú ọ̀rọ̀ yìí ni orí òkè. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí pínpín ilẹ̀ náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1947, orílẹ̀-èdè 33 gbà, 13 kọ̀, 10 ò dá sí i. Púpọ̀ nínú etí òkun àti aṣálẹ̀ Negev lọ fún àwọn Júù, nǹkan bí ìdá 55, bẹ́ẹ̀ wọn ò ju ìdá kan nínú mẹ́ta èèyàn ibẹ̀ lọ nígbà náà. Hébúrónì, Bẹ́tẹ́lì, Ṣílò, Ṣékémù tí wọ́n ń pè ní Nablus lónìí, gbogbo orí òkè tí Ábúráhámù àti Jékọ́bù rìn, apá Árábù ni wọ́n bọ́ sí. Àwọn aṣáájú Júù gba ìpín náà, àwọn aṣáájú Árábù kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí Júù onígbàgbọ́ tó ń tẹ̀dó fi ń forí lé West Bank dípò etí òkun: ibẹ̀ ni orúkọ inú ìwé mímọ́ wọn wà.

Ìyá Kẹ́hìndé, Ọ̀yọ́

Awọnlẹ̀, ẹ ṣeun púpọ̀. Àyìnlá ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú 91 àti 86. Ohun tí wọ́n ń pín ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ "ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún West Bank", kí o bi í pé West Bank ti ta ni. Ní ìṣirò àwọn ará Palẹsítínì, gbogbo ohun tó wà lódì kejì ìlà náà ni, tòun ti ìlà-oòrùn Jẹrúsálẹ́mù, Latrun àti apá Òkun Iyọ̀ tó kàn wọ́n. Àròpọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 5,860. Ní ìṣirò Ísírẹ́lì, wọ́n yọ mẹ́ta kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín: ìlà-oòrùn Jẹrúsálẹ́mù, 71, Latrun, 50, omi Òkun Iyọ̀, 195. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 316. Yọ 316 kúrò nínú 5,860, ó ku 5,544. Ìdá 91 nínú 5,544 jẹ́ 5,045. Wàyí o, gbé 5,045 yẹn padà sórí 5,860, wo ohun tó máa fún ọ: 86. Ilẹ̀ kan náà, nọ́ńbà méjì. Ẹni tó sọ 91 ò purọ́, ẹni tó sọ 86 ò purọ́. Ohun tó burú ni kí èèyàn mọ èyí, kó sì máa fi nọ́ńbà kan ṣoṣo na ẹnì kejì bíi pàṣán.

Pàṣípààrọ̀ ilẹ̀ rọrùn láti lóye. Ísírẹ́lì fẹ́ fi àwọn ibùdó ńlá tí àwọn Júù ti tẹ̀dó sí lódì kejì ìlà kún ilẹ̀ tirẹ̀. Kó lè rí i gbà, ó máa gé ilẹ̀ míì láàárín ìlà 1949 fún Palẹsítínì. Àríyànjiyàn wà lórí iye tí wọ́n máa mú, iye tí wọ́n máa dá padà, àti irú ilẹ̀ tó jẹ́.

Ní Camp David, oṣù Keje 2000, Ísírẹ́lì fẹ́ mú nǹkan bí ìdá 9, kó dá ìdá 1 padà. Kò dọ́gba rárá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, pe ìhà méjèèjì, ó ka èrò tirẹ̀ sí wọn létí, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: ìdá 94 sí 96 fún Palẹsítínì, kí Ísírẹ́lì sì dá ìdá 1 sí 3 padà láti inú tirẹ̀, kí ìdá 80 nínú àwọn Júù tó tẹ̀dó lè wà lábẹ́ Ísírẹ́lì. Ṣàkíyèsí pé ó kà á ni, kò fún wọn ní máàpù. Ní oṣù Kejìlá 2003, Yossi Beilin tó jẹ́ ará Ísírẹ́lì àti Yasser Abed Rabbo tó jẹ́ ará Palẹsítínì, tí ìjọba kankan ò rán, gbé àdéhùn Geneva jáde tòun ti máàpù tó kún fún àlàyé: nǹkan bí ìdá 2.2, kí wọ́n sì dá iye kan náà padà.

Ìgbà tó tún sún mọ́ra jù ni oṣù Kẹsàn-án 2008. Olmert, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, gbé máàpù ńlá kan ka iwájú Abbas, ààrẹ Palẹsítínì: ìdá 6.3 fún Ísírẹ́lì, 5.8 padà sí Palẹsítínì, ọ̀nà tó so Gásà mọ́ West Bank á sì dí ohun tó kù. Abbas ní kó fún òun ní máàpù náà kóun lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Olmert ní àfi tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Abbas padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ ya ohun tó rántí sórí bébà. Nígbà tí Olmert ń gbé e kalẹ̀, ó ti ní òun máa fipò sílẹ̀, ẹjọ́ ìwà àjẹbánu wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹ bá wo máàpù yẹn nínú ìwé lónìí, ẹ rántí pé àwọn tó tún un yà fi ìrántí àti ìròyìn kún un.

Àyìnlá Tákìé

Ẹ ṣeun mà, ẹ̀yin ìyá wa. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ní 2008 yẹn, ìdá 1.9 ni Abbas fẹ́ pààrọ̀. Láti 1.9 dé 6.3, ìdá 4.4 ni, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 250. Gásà gan-an, tó jẹ́ 365, tóbi jù ú. Kí ló dé tí wọn ò pín in ní ìdajì, kí wọ́n bọwọ́?

Olùkọ́ Akẹ̀sán

Nítorí pé ilẹ̀ kì í ṣe gàrí, àbúrò. Ibi tí ìdá 4.4 yẹn wà ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Mú Ariel, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó Júù ńlá. Ó wọ inú West Bank tó kìlómítà 16 sí 20 láti ìlà. Bí o bá fẹ́ so ó mọ́ Ísírẹ́lì, o ò lè mú ìlú nìkan, àfi kó o mú ọ̀nà tó dé ibẹ̀, àti ilẹ̀ tó yí ọ̀nà náà ká kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Ó máa wá na bí ìka wọ àárín ilẹ̀ ẹlòmíràn. Àwọn abúlé tó wà lápá àríwá ìka yẹn á máa rìn yí i po kí wọ́n tó dé gúúsù. Mú Ma'ale Adumim, ibùdó míì, kìlómítà bíi 7 sí ìlà-oòrùn Jẹrúsálẹ́mù. Ilẹ̀ kan wà láàárín òun àti Jẹrúsálẹ́mù tí wọ́n ń pè ní E1, kò ju nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 12 lọ. Bí ilé Júù bá kún E1, ọ̀nà tó so Ramallah ní àríwá mọ́ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní gúúsù ti fún pinpin, ìlà-oòrùn Jẹrúsálẹ́mù náà sì ti dá wà. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìgbìmọ̀ ìjọba Ísírẹ́lì fọwọ́ sí kíkọ́ ilé bíi 3,400 síbẹ̀. Ní ìṣirò, 12 nínú 5,860 ò tó ìdá 1 àní díẹ̀. Lójú ilẹ̀, ó gé orílẹ̀-èdè sí méjì. Ìdí rèé tí Abbas ò fi ka Ariel àti Ma'ale Adumim mọ́ ìdá 1.9 rẹ̀.

Ibùdó míì wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Modi'in Illit àti Beitar Illit wà nítòsí ìlà gan-an, àwọn ló sì ní èèyàn jù nínú gbogbo ibùdó West Bank. Ẹni tó bá fi ọkàn tòótọ́ fẹ́ pàṣípààrọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ díẹ̀, èèyàn púpọ̀.

Irú ilẹ̀ wo ni wọ́n máa fi dípò? Èyí dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà, torí wọn kì í ka ibẹ̀. Ní ọdún 2000, ilẹ̀ Halutza ní aṣálẹ̀, lẹ́bàá Gásà, ni Ísírẹ́lì ń dárúkọ. Iyanrìn ni. Ohun tí wọ́n máa gbà ní Ariel àti àyíká rẹ̀ jẹ́ orí òkè tí òjò ń rọ̀ sí, tó ń jò wọ inú omi abẹ́lẹ̀ ńlá ìhà ìwọ̀-oòrùn. Orí òkè West Bank ni omi yẹn ti ń wọlẹ̀, àárín Ísírẹ́lì ló ti ń sun jáde. Ẹni tó bá ní orí òkè lè gbẹ́ kànga kí omi tó dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "ọ̀kan sí ọ̀kan", ẹ bi wọ́n bóyá iye nìkan ni, àbí iye àti ọ̀ràá.

Àwọn kan nínú ìṣèlú Ísírẹ́lì, Avigdor Lieberman ló sọ ọ́ jáde jù, ní kí wọ́n kúkú gbé ààlà kọjá kí àwọn ìlú Árábù bíi Umm al-Fahm bọ́ sí Palẹsítínì. Ọmọ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ni àwọn ará Umm al-Fahm, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti sọ pé àwọn ò lọ. Kí á gbé ààlà fo ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀ kó sì sọ ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nù láìjẹ́ pé wọ́n bi í, kò tọ̀nà, kò sì bófin mu.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, ilẹ̀ ti ń pín ara rẹ̀. Àdéhùn Oslo kejì, tí Ísírẹ́lì àti àwọn aṣáájú Palẹsítínì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1995, pín West Bank sí A, B àti C. A, tó wà lábẹ́ Palẹsítínì, jẹ́ nǹkan bí ìdá 18. B, tí Palẹsítínì ń bójú tó ọ̀rọ̀ aráàlú ibẹ̀, tí Ísírẹ́lì sì ń bá wọn pín ọ̀rọ̀ ààbò, 22. C, tó wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì pátápátá, 60. Ọdún márùn-ún péré ni wọ́n ní kó lò. A àti B kì í ṣe odindi, wọ́n tú ká bí àwọn erékùṣù, C ló yí wọn ká. Láti 2002 ni Ísírẹ́lì sì ti ń kọ́ ògiri àti wáyà: ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un gùn tó nǹkan bí kìlómítà 710, bẹ́ẹ̀ ìlà 1949 fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 320 péré. Ó gùn ju ìlọ́po méjì lọ torí pé ó ń wọ inú West Bank lọ gbá àwọn ibùdó mọ́ra. Nǹkan bí ìdá 85 rẹ̀ ni kò sí lórí ìlà rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀rú

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ Halutza àti E1. Ṣùgbọ́n bí Àyìnlá bá gbé ìyẹn nìkan lọ sí Tákìé, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbé lọ.

Ẹ wo bí Ísírẹ́lì ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìlà 1949. Láti Tulkarm ní West Bank sí etí òkun ní Netanya, kìlómítà 15 péré ni. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Orí òkè ni West Bank wà, ìsàlẹ̀ ni Tel Aviv àti pápá ọkọ̀ òfurufú wọn wà. Gbogbo ilẹ̀ yẹn láti odò Jọ́dánì dé òkun, tòun ti Gásà, kò tó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi ọmọ ogun sí àfonífojì Jọ́dánì, kì í ṣe àwáwí lásán. Clinton mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí Ísírẹ́lì jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù 36, kí díẹ̀ nínú ọmọ ogun wọn sì tún wà ní àfonífojì náà fún oṣù 36 mìíràn lábẹ́ àwọn ọmọ ogun àgbáyé, kí ibùdó ìṣọ́ mẹ́ta sì kù fún wọn.

Ohun tó ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ jù ni Gásà. Ní 2005, Ísírẹ́lì kó àwọn atẹ̀dó tó tó nǹkan bí 8,000 kúrò ní ibùdó 21, ó kó ọmọ ogun jáde, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Hamas, ẹgbẹ́ ológun àwọn ará Palẹsítínì, wọlé ìbò ní 2006, ó gba Gásà ní 2007, rọ́kẹ́ẹ̀tì ò dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n pa nǹkan bí èèyàn 1,200 ní Ísírẹ́lì, wọ́n kó 251 lọ sí Gásà nígbèkùn. Ẹni tó ń gbé Netanya á bi ọ́ pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ìyẹn bá wáyé láti Tulkarm. Ẹ dá a lóhùn kí ẹ tó sọ pé kó fa ìlà.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀. Ìpinnu 242 ti Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 1967, ni gbogbo wọn ń dúró lé. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí Ísírẹ́lì kúrò ní "territories occupied", wọn ò fi "the" síwájú rẹ̀. Lédè Faransé, "des territoires occupés", èyí tó lè túmọ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ túmọ̀ ọ́ sí Yorùbá: kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ogun gbà. Yorùbá ò ní "the". Gbólóhùn yẹn lè jẹ́ gbogbo ilẹ̀, ó lè jẹ́ apá kan. Bí a bá fẹ́ là á, àfi ká fi "gbogbo" tàbí "lára" kún un, bí a bá sì ti fi ọ̀kan kún un, a ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìhà méjèèjì lè gbà á.

Olùkọ́ Akẹ̀sán

Ọmọ Ìjẹ̀rú, ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀ ìpinnu náà mọ́ ọn. Ó sọ pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ogun gba ilẹ̀. Ìyẹn ò nílò "the". Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague tún sọ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024 pé wíwà Ísírẹ́lì lórí ilẹ̀ náà ò bófin mu, kí ó parí rẹ̀ kíákíá bó bá ti lè ṣeé ṣe.

Mo gbà pé ẹni tó ń gbé Netanya ní ẹ̀tọ́ láti sùn kó jí. Ìbẹ̀rù yẹn, ọmọ ogun àgbáyé àti ìṣọ́ ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀, bí Clinton ṣe sọ. Kí ni ilé ìdáná àti ọgbà tí àwọn Júù tó tẹ̀dó ṣe sórí òkè Nablus ń ṣe fún ààbò? Ọmọ kékeré ló ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe ológun. Nípa Gásà náà, ẹ rántí iye ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kú níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹwàá yẹn, obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Bí a bá fẹ́ ka òkú, ká kà á ní ìhà méjèèjì.

Ìyá Kẹ́hìndé, Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká má fo Jẹrúsálẹ́mù, torí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ìlà-oòrùn Jẹrúsálẹ́mù tí Jọ́dánì ń ṣàkóso kí 1967 tó dé ò ju nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 6 lọ. Lẹ́yìn ogun, Ísírẹ́lì fa ààlà ìlú náà gùn dé nǹkan bí 70, ó kó abúlé 28 mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "Jẹrúsálẹ́mù ò ṣeé pín" ń sọ̀rọ̀ abúlé tí Júù kankan kò pè ní Jẹrúsálẹ́mù rí kó tó di 1967. Clinton ní ohun tó jẹ́ ti Árábù kó lọ fún Palẹsítínì, ohun tó jẹ́ ti Júù kó lọ fún Ísírẹ́lì. Lẹ́nu, ó dùn. Lójú ilẹ̀, Pisgat Ze'ev tó jẹ́ ti Júù fara kan Beit Hanina tó jẹ́ ti Árábù. French Hill kọjú sí Issawiya. Ibi tí omi, iná àti páìpù ìdọ̀tí ti kọjá láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ta ni yóò máa tún un ṣe?

Ìlú àtijọ́ inú odi ò tó kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Lókè, mọ́ṣáláṣí al-Aqsa àti Àpáta tí wọ́n kọ́ òrùlé wúrà lé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògiri tí àwọn Júù ti ń gbàdúrà. Lábẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣẹ́kù nínú Tẹ́ńpìlì. Àwọn alárinà débi tí wọ́n ń bèèrè ta ló ni orí ilẹ̀ àti ta ló ni abẹ́ ilẹ̀. Olmert ní kí Ísírẹ́lì, Palẹsítínì, Jọ́dánì, Saudi Arabia àti Amẹ́ríkà jọ máa ṣàkóso àyíká ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé àsíá sí i. Lójú tèmi, ìyẹn ló sunwọ̀n jù nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti sọ lórí ibẹ̀.

Ẹ tún lè fi ti orílẹ̀-èdè wa kún un. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2014, Ìgbìmọ̀ Aláàbò dìbò lórí kí Ísírẹ́lì jáde kí 2017 tó parí. Ìbò 9 ló máa gbé e wọlé; 8 ló rí. Nàìjíríà wà lórí ìgbìmọ̀ náà, kò dìbò bẹ́ẹ̀ ni, kò dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ lè bi àwọn èèyàn yín bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Awọnlẹ̀ Arówómọlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Gásà tìsinsìnyí kún un, torí ìlà tuntun ti wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ogun dúró ní oṣù Kẹwàá 2025, ọmọ ogun Ísírẹ́lì fà sẹ́yìn sí ìlà kan tí wọ́n ń pè ní ìlà yẹ́lò. Ohun tó lé ní ìdajì Gásà ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ wọn. Ìwé ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Àmọ́ wọ́n ti ń to bulọ́ọ̀kù kọnkéré tí wọ́n kùn ní yẹ́lò síbẹ̀, oko tó dára wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ni oko ò sì lè dé ibẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pe ìlà ewé náà ní 1949. Ìlà yẹ́lò yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ jù lọ.

Fún Sátidé, Àyìnlá, má ṣe tẹ máàpù tí wọ́n gbé kiri lórí Facebook, òṣùwọ̀n kì í sí lára wọn. Wá èyí tó jẹ́ 1 sí 250,000. West Bank gùn tó nǹkan bí kìlómítà 130, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 52, káàdíbọ́ọ̀dù kan gbà á. Ìlà 1949 ni kí o kọ́kọ́ fà. Lẹ́yìn náà, fi àmì sí Latrun, Ariel, Ma'ale Adumim, E1, Modi'in Illit, Tulkarm àti Netanya. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìdá, kó kọ́kọ́ sọ bóyá orí 5,860 ni tàbí 5,544. Ẹni tó bá fẹ́ mú ibùdó kan, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀nà tó máa dé ibẹ̀, kó sì fi hàn wá ibi tí àwọn abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa gbà kọjá. Má fún wọn ní mákà o. Mákà tó fẹ̀ tó mìlímítà 2 ti jẹ mítà 500 nílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n yẹn. Pẹ́ńsù ni kí o fún wọn, kí o sì gbẹ́ ẹ kó mú.